Ọjọ́ Tí A Dúró Sí

Ọjọ́ Ajé, 7 Ṣẹẹrẹ, 1985

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ìsinmi ìbímọ mi kò tíì tán, ó ku bí oṣù kan, ṣùgbọ́n kí ni n ó máa fi ìsinmi ìbímọ ṣe nínú ilé tí kò sí ọmọ tuntun? Ọ̀gá Ọláníyan, ọ̀gá ilé-ìwé wa, kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n kàn ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ìyanu. Kíláàsì kẹta ń retí yín," wọ́n sì na rẹ́jísítà sí mi. Inú mi dùn pé wọn kò béèrè. Rárá, irọ́ ni mo pa. Inú mi kò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Ọyẹ́ ti la gbogbo wọn létè. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ó sì gbọ́dọ̀ tó mi di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ṣẹẹrẹ

Ìyá ọkọ mi wá kí wa. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa tí mo padà síbi iṣẹ́. Wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ ní oṣù kọkànlá, pé ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, a kì í kà á mọ́ ọmọ, kí n má sunkún rẹ̀ kí ọ̀nà má baà dí mọ́ èyí tó ń bọ̀. Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Wọ́n yìn mí pé mo gbọ́ràn. Kì í ṣe pé mo gbọ́ràn, ẹkún náà ni kò wá.

Káàdì ilé ìwòsàn ṣì wà nínú báàgì mi. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ọjọ́ méje ni ọmọ náà lò. Mo máa ń yọ ọ́ kà. Méje kò tó mẹ́jọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọmọ lórúkọ. Tí mo bá ti kà á tán, màá dá a padà sínú báàgì.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Ṣẹẹrẹ

Lẹ́tà ti dé láti Òṣogbo. Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ yóò wá kí Àjíǹde tó dé, yóò jókòó sínú kíláàsì olúkúlùkù wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn yóò lọ sílé. Kò sí ẹni tó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, àwọn sọ́jà tó ń ṣèjọba lé òṣìṣẹ́ púpọ̀ lọ sílé, wọn kò fi ṣeré.

Tí wọ́n bá dá mi dúró, a ò ní nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá Ìyanu ń ṣe, kò sì sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ nílùú yìí. Ẹsẹ̀ àga tó kán ni wọ́n ń gbé wá.

Wọ́n pín orí ẹ̀kọ́ fún wa. Bátànì nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìlànà kan, ló bọ́ sọ́wọ́ mi. Kí ọmọ ṣẹ̀dá bátànì nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí ó ṣe ń lọ. Ìyá Ṣeun tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin, tó jẹ́ pé ìṣirò pínpín ló bọ́ sọ́wọ́ tirẹ̀, pòṣé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rí eré gbà."

Ọjọ́ Ajé, 21 Ṣẹẹrẹ

Mo kọ 5, 10, 15 sójú bọ́ọ̀dù. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, gbogbo wọn ti fi orin gbé e, wọ́n kọ ọ́ dé ọgọ́rùn-ún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ogún ló tẹ̀ lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ahmad, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló dìde.

"Bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn, mà."

Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ lórin, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Mo wo ara mi níbi tí mo dúró sí, mo ní èmi náà ńkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Ṣẹẹrẹ

Mo ní kí wọ́n ṣa ìdérí ìgò wá. Ìyá Ṣeun ní òun ò mọ̀ pé ilé ọtí ni mo fẹ́ ṣí. Mo kó wọn jáde sínú iyanrìn lábẹ́ igi máńgòrò, ṣọ́ọ̀kì ti tán láti àná.

Qúdrát to tirẹ̀ ní ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Mo ní kí ó ṣàlàyé. Ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Bí irun tí ìyá mi dì fún mi ni, mà. Wọ́n fi ọ̀kan sí àárín, wọ́n wá ń fi ọ̀kan kún un lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì." Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé, "O káre."

Ahmad to ogójì, ogún, mẹ́wàá, márùn-ún. Ó ní ọsàn lòun ń pín sí méjì. Nígbà tó dé márùn-ún ó yọ ọ̀kan sẹ́yìn, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ, mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kíláàsì kejì fi yọjú lójú fèrèsé. Mo rí i pé èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Èrèlé

Gàrí tún ti gbówó lórí. Omi ọmú mi ti gbẹ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Èrèlé

Àwáwù ni ọmọ tó ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lónìí ó fi ọ̀pá kọ 2, 6, 10, 14, 18 sínú iyanrìn. Ó dára, ó tiẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. Mo ní kí ó ṣàlàyé.

"Ó ń lọ ní márùn-ún márùn-ún, mà."

Mo ní mẹ́rin ni, kí ó tún un kà. Ó tún un kà sínú, ètè rẹ̀ ń mì. "Márùn-ún ni, mà."

Mo ní kí ó na ọwọ́. Rúlà méjì. Mi ò bínú sí i. Tó bá jẹ́ pé mo bínú ni, ìbá sàn.

Ọjọ́bọ̀, 7 Èrèlé

Àwáwù kò wá lánàá. Mo rò pé ẹgba ló sá fún. Ó wá lónìí, mo tún bi í, ó tún ní márùn-ún. Mo ní kí ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo ògiri, kò sunkún. Èmi náà ti ń wo ògiri bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Èrèlé

Ìyá Ṣeun ti múra tán dè wọ́n. Ó ti kọ́ kíláàsì rẹ̀ pé tí alábẹ̀wò bá béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni kí wọ́n nawọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò na ọ̀tún, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò na òsì. Òun náà yóò wá máa pe ọ̀tún. Gbogbo tíṣà ló mọ ọgbọ́n yìí, àwa fúnra wa la nawọ́ òsì títí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó ní kí èmi náà ṣe é.

"Èyí tó ń pe mẹ́rin ní márùn-ún yẹn ńkọ́?"

"Àwáwù? Mi ò tíì mọ ohun tí n ó ṣe sí i."

"Ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá, Ìyá Ìyanu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba oúnjẹ lẹ́nu yín."

Mo kọ́ wọn ní ọ̀tún àti òsì. Mo gbé Àwáwù kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo fi í sí kọ̀rọ̀. Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ, kò béèrè ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Èrèlé

Oṣù ń parí lọ, mo jókòó ti rẹ́jísítà lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Àwáwù tún pa ilé-ìwé jẹ lónìí. Mo fi rúlà tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, láti mọ iye ìgbà tí kò wá. Ọjọ́ kẹfà. Ọjọ́ kẹrìnlá. Ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ kejìlélógún. Òní. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ kejì oṣù bọ́ sí, ọjọ́ Àìkú sì ni ọjọ́ kẹwàá.

2, 6, 10, 14, 18.

Mo gbé rúlà sílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ mọ́tò lọ sí ọjà oko tó wà lójú ọ̀nà Awo, níbi tí mo mọ̀ pé ìyá ọmọ náà ti ń tajà. Ọjà ti ń tú. Mo bá ìyá Àwáwù níbi tó ti ń ta irú, Àwáwù fúnra rẹ̀ ń fi ewé dì í fún àwọn oníbàárà. Nígbà tó rí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Mo kí ìyá rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ tún ń ná ọjà yìí?"

"Ọ̀rúnní ni, tíṣà. Ọrọọrún la máa ń ná an." Ó rò pé kò yé mi, ó na ìka sí mi lójú, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òní nìyí. Ọ̀la. Ọ̀tunla. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ karùn-ún, a tún ti dé nìyẹn."

Márùn-ún. Ó ka òní mọ́ ọn. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń pe ọ̀rúnní, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà ná títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù, orí tí mo gbé wá láti ilé kì í bá mi wọlé.

"Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni, tíṣà?"

Mo ní, "Rárá o. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ó di irú fún mi, ó kọ̀, kò gba owó.

Mo ń fi irú náà se ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka tèmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bí i. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ó kú, ní ìdájí, àga àti ìkòkò tí a yá fún ìsọmọlórúkọ ti wà lójúde. Ìka mẹ́jọ. Bí ilé ìwòsàn ṣe ń ka ọjọ́ ni mo fi ka ọmọ mi, nítorí pé méje rọrùn fún mi ju mẹ́jọ lọ. Ọbẹ̀ náà jó.

Ọjọ́rú, 27 Èrèlé

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ Àwáwù níwájú gbogbo kíláàsì. Mo ní èmi ni mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó wo ilẹ̀. Mo dá a padà sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Mo kó wọn jáde. Mo ní kí Ahmad fò láti orí 2 dé orí 6 nínú iyanrìn, kí ó má fo nọ́ńbà kankan. A wá ka ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ márùn-ún. A ka iye ìgbà tó fò, ó jẹ́ mẹ́rin. Mo ní ìwé ń ka fífò, ọjà ń ka ojú ẹsẹ̀, ẹni tó bá ń ṣàlàyé bátànì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń kà. Ó yé wọn kíákíá ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo wọn fẹ́ fò.

Ìrètí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ, nawọ́. "Bí ti ọmọ tuntun ni, mà! Ọjọ́ Àìkú la bí tiwa, ọjọ́ Àìkú la sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ní ọjọ́ kẹjọ ni!"

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní kí wọ́n máa fò lọ. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà

Ooru. Wọ́n ní alábẹ̀wò ti dé Ẹdẹ, pé ó ti lo ọjọ́ méjì ní ilé-ìwé kan lápá ibi ọjà. Ìyá Ṣeun ń wọ bàtà aláwọ rẹ̀ wá lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú, 6 Ẹrẹ́nà

Wọ́n dé lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé lorúkọ wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní fáìlì lábíyá. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. A ń gbọ́ Ìyá Ṣeun lára ògiri, ohùn rẹ̀ dún ketekete, gbogbo ìdáhùn tọ̀nà.

Ọjọ́ ọjà ni òní, nítorí náà mo mọ̀ pé Àwáwù kò ní wá. Mo kọ ọ́ síbí pé ara tù mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti gbà pé òun ló tọ̀nà, síbẹ̀ ara tù mí pé kò sí ní kíláàsì.

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Mo kọ́ wọn. Àwọn ọmọ nawọ́, mo pe ọ̀tún. Qúdrát sọ ti irun, wọ́n mi orí. Ó ku díẹ̀ kí a parí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Àwáwù yọjú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òórùn irú wọlé tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo bẹ ìyá mi ni, wọ́n ní kí n máa bọ̀."

Kí n tó sọ̀rọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ti nàka sí i. "Ìwọ tó o pẹ́ dé. Ṣẹ̀dá tìrẹ ká rí i."

Ó kọ 2, 6, 10, 14, 18.

"Mélòó mélòó ló ń lọ?"

"Márùn-ún márùn-ún, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n ṣí bírò. Tí mo bá sọ pé kí ó jókòó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọ kan ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú méjìdínláàádọ́ta, wọn kì í lé ènìyàn torí ìyẹn. Mo ronú kan oúnjẹ Ìyanu, ọmọ mi. Ohùn mi ni mo wá gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì ṣàlàyé tán. Àwáwù, sọ ohun tó ò ń kà."

Àwáwù na ìka. "Mo dúró sórí 2, sà. Méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Ọrọọrún ni. Tó bá jẹ́ fífò nìkan la kà, mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè má ka ọjọ́ tí ẹ dúró sí, sà. Ẹ wà níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé èwo ló wà nínú ìwé ìlànà.

"Mẹ́rin ló wà níbẹ̀, sà. Ọmọ yìí mọ mẹ́rin, ó sì mọ márùn-ún. Èmi ni mo na án lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n kọ̀wé. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n pa fáìlì dé, wọ́n jáde, wọn kò dágbére.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá Ọláníyan pè mí. "Ìyá Ìyanu, kí ló kì yín láyà? Ẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ fún alábẹ̀wò pé ẹ na ọmọ lórí ohun tó gbà?" Wọ́n ní ohun tí alábẹ̀wò kọ nípa tèmi gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, àwọn kò sì rí i kà. Mo sọ fún bàbá Ìyanu nígbà tí mo délé. Ó gbọ́, ó mi orí, ó ń fá pákó rẹ̀ lọ. A kì í bára wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́kọ́. Ó pa gbogbo nọ́ńbà inú iyanrìn rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Ẹrẹ́nà

Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì láàárọ̀. Orúkọ kan péré ló wà níbẹ̀ láti ilé-ìwé wa. Ìyá Ṣeun ni.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Gbogbo wọn ló gbà á. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lára ògiri." Kò sí ẹni tó lè sọ ìdí fún un. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó fi ṣọ́ọ̀kì méjì tó kù sọ́wọ́ mi, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n kó o padà sí ọ́fíìsì. Ó ń rìn lọ nínú bàtà aláwọ yẹn, ẹrẹ̀ sì wà lọ́nà.

Ọ̀gá Ọláníyan fi ìwé tèmi hàn mí. Ìdajì ojú ewé, ṣùgbọ́n ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni mo rántí: "Olùkọ́ yìí ń jẹ́ kí àwọn ọmọ bá òun jiyàn. Kí ó máa bá iṣẹ́ lọ." Mi ò lè sọ bóyá ìyìn ni àbí èébú.

Pé mo ṣì ní iṣẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ti Ìyá Ṣeun dùn mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Ẹrẹ́nà

Mo lọ bá bàbá Ìyanu nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Mi ò lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi gbé ọ̀bẹ ìfágí sílẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ sọ ọmọ náà?"

Kò bi mí pé ọmọ wo. Ó ṣí agolo tó ń kó ìṣó sí, ó wa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mú bébà kan jáde tí ìpẹta ìṣó ti pa láwọ̀. Òun ni bébà orúkọ tí à bá fún àlùfáà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Mo ti rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ ni."

"Ọjọ́ mélòó lẹ kà fún un?"

Ó wò mí bíi pé mo ń bi í léèrè orúkọ ìlú wa. "Mẹ́jọ ni, Bísí. Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun. Mélòó làwọn kan tún kà?"

Mo jókòó sínú èérún pákó, mo sunkún títí Ìyanu fi wá bi bàbá rẹ̀ pé ta ló na màmá òun. Mo ya káàdì ilé ìwòsàn.

Títílayọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Bélú, dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Bélú, 1984. Ọjọ́ mẹ́jọ.